Wọ́n Yọ Orúkọ Àǹtí Mi Nínú Ìwé Olùdìbò ní Ohio Nígbà Tó Wà ní Campos Lọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá fẹnu sọ ọ́, ẹnì kan á ṣáà já a gbà mọ́ mi lẹ́nu pé "ṣebí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ kí wọ́n ṣe fóun?" Ó dáa. Ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé wọ́n yọ orúkọ ẹnì kan nínú ìwé olùdìbò ló máa rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe tàbí pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí kò sí àṣìṣe kankan o, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló bófin mu, ibi tó ti wá ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Àǹtí yìí, àbúrò màmá mi ni. Campos ni wọ́n bí i sí, Lagos Island ńbí, ilé bàbá wọn ò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Vísà lọ́tìrì ló gbé e dé Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó padà sílé ìwé, ó di nọ́ọ̀sì, ó ra ilé kékeré kan nínú ìlú kan ní Ohio tí mi ò ní dárúkọ, ó búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì dìbò ní 2008 àti ní 2012. Ti 2008 yẹn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́, torí ó pe Màmá àgbà lórí fóònù pé òun ti dìbò fún Obama, Màmá wá ń bi í pé ṣé Obama fúnra ẹ̀ rí i níbi tó ti ń dìbò ọ̀hún.

Jánúárì 2013 ni rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí gba àyè oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́, ó sì wọ bàálù wálé. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rọpárọsẹ̀ rí á mọ̀ pé oṣù mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí egbò má bàa jáde lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun ibi tí kò yẹ, ẹ máa gbé e sọ̀kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn lọ sí Jẹ́nẹ́rà ní Ọ̀dán, ẹ tún máa gbé e gòkè padà, iná á lọ, fáànù á dúró, ooru á bo gbogbo ilé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níbí o, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ṣe bí ẹni pé Ọlọ́run ló rán èyí tó wá láti òkè òkun, nọ́ọ̀sì tún ni, kí la fẹ́ máa wá síbẹ̀ fún? Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́fà. Màmá ṣaláìsí ní 2019.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé obìnrin yìí ò kó kúrò ní Ohio. Ilé ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti yàrá kan pa, gbogbo aṣọ òtútù ẹ̀ àti ìwé ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó fi ìyókù ilé háyà fún tọkọtaya ará Ghana kan tó máa ń bá a san bíìlì. Àkáǹtì báǹkì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Owó orí ilé náà, ọdọọdún ló ń san án fún ìjọba àdúgbò ibẹ̀, wọ́n sì ń gbà á, wọ́n ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sórí ímeèlì ẹ̀. Ó fò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti lọ wo ilé, ó kàn jẹ́ pé kò bọ́ sí àsìkò ìbò rárá. Nígbà ìbò 2016, àpò ìtọ̀ Màmá ló ń pààrọ̀ ní Campos lọ́jọ́ tí Trump ń bá Clinton du ipò.

Ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ 2020. A ti ṣe fídáù tán, Àǹtí ti ń múra àtipadà sí Ohio ní oṣù kẹrin, ó ní kóun kàn yẹ orúkọ òun wò lórí sáìtì ìdìbò ìpínlẹ̀ náà torí ọdún ìbò ààrẹ ló tún dé. Èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́. Sáìtì ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ sípẹ́lì ni, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe orúkọ Yorùbá lọ́hùn-ún, a gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú H, a yọ H kúrò, a fi orúkọ àárín ṣíwájú, a fi orúkọ ọkọ ẹ̀ àtijọ́ wò ó. Rárá. Àǹtí wá fóònù ọ́fíìsì ìdìbò àdúgbò ẹ̀ lálẹ́ torí àkókò wọn kì í ṣe àkókò wa, obìnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ dáadáa, kò jágbe mọ́ ọn, ó ní "a yọ orúkọ yín ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2019 mà, a ti kọ lẹ́tà sí yín ní 2015, ẹ ò fèsì, ẹ ò sì dìbò látìgbà náà." Àǹtí ní lẹ́tà wo? Obìnrin náà ní lẹ́tà tí àwọn fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín ni mà.

Bí ìlànà wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Ohio, láti 1994 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Supplemental Process. Tó o bá lo ọdún méjì láì dìbò, tí o ò sì ṣe nǹkan mìíràn tó kan ìforúkọsílẹ̀ rẹ, wọ́n á fi káàdì kan ránṣẹ́ sí ẹ pé ṣé o ṣì ń gbé níbí? Wọ́n ti san owó sítáàm̀pù ìdáhùn síwájú, kó o kàn buwọ́ lù ú kó o jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Tó o bá dá a padà pé mo wà o, ọ̀rọ̀ ti tán. Tó ò bá dá a padà, tó ò sì dìbò fún ọdún mẹ́rin sí i, wọ́n á gbà pé o ti kó lọ, wọ́n á yọ ẹ́. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́fà. Àǹtí dìbò kẹ́yìn ní Nòfẹ́ńbà 2012, lẹ́tà jáde ní 2015, wọ́n yọ ọ́ ní 2019. Kò sí ibi tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Lẹ́tà ọ̀hún ńkọ́? A pe ìyàwó ará Ghana yẹn. Ó ní àwọn lẹ́tà tó bá ti jọ ti ìjọba lóun máa ń kó sínú páálí kan nínú gáréèjì, àwọn tó bá jọ ìpolówó lòún máa ń jù nù. Kò mọ èwo ni ti ìdìbò nínú méjèèjì, a ò sì lè bínú sí i, ta ló fẹ́ mọ̀ pé káàdì pélébé kan báyìí ló di ẹ̀tọ́ oníǹkan mú? Òfin ní kí wọ́n fi irú lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ lọ́nà tí pósì-ọ́fíìsì á fi lè tari ẹ̀ lọ sí àdírẹ́sì tuntun téèyàn bá ti kó lọ, ìyẹn dáa fún ẹni tó kó láti òpópónà kan sí òmíràn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa bá Àǹtí dé Campos nígbà tí Àǹtí ò kó lọ síbì kankan tí kò sì sọ fún pósì-ọ́fíìsì pé òun kó lọ.

Nígbà tí mo wá ń ka nǹkan nípa ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé Supreme Court wọn. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Larry Harmon, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akron ní Ohio náà ló ń gbé, ó ti ṣe sójà orí omi rí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó dìbò ní 2004 àti 2008, nígbà tó di 2012 kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jáde, ó ní òun ò dìbò, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2015 ó jáde láti dìbò lórí ọ̀rọ̀ igbó tí wọ́n fẹ́ sọ di ohun tó bófin mu ní Ohio, wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé kan náà ló ń gbé o! Kò kó lọ síbì kankan, ó ń san owó orí, ó ní òun ò rántí pé òun rí lẹ́tà kankan. Òun àti ẹgbẹ́ A. Philip Randolph Institute gbé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní 2016, èyí tó jẹ́ kí bí ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀ àwọn tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn rí ìbò wọn kà lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, June 11, 2018, adájọ́ márùn-ún lòdì sí mẹ́rin, Ohio ló borí.

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́ dùn ún gbọ́. Òfin kan wà láti 1993 tó sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ èèyàn nínú rẹ́jísítà torí pé kò dìbò. Ó yé gbogbo wa àbí? Adájọ́ Samuel Alito tó kọ ìdájọ́ àwọn márùn-ún ní kì í ṣe torí pé kò dìbò ni wọ́n fi yọ ọ́, torí pé kò dìbò *àti* pé kò fèsì lẹ́tà ni. Adájọ́ Stephen Breyer tó wà lápá kejì wá kó fígọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní 2012, Ohio fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn, nínú bíi mílíọ̀nù 8 tó forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Bí 60,000 ló dá a padà pé àwọn ti kó lọ. Bí 235,000 dá a padà pé àwọn ò kó lọ síbì kankan. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà ló máa ń kó kúrò ní káńtì wọn, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, lọ́dún kan. Ṣé mílíọ̀nù kan èèyàn wá kó lọ tán láì dágbére ni? Kò sí nǹkan tí dídákẹ́ wọn fi hàn ju pé èèyàn kì í ka lẹ́tà tó jọ ìpolówó. Àǹtí ka ibẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní "èmi nìyẹn, mo wà nínú mílíọ̀nù kan tí wọn ò sọ̀rọ̀." Ọdún 2012 kọ́ ni tiẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ti máa ń ṣe ejẹ́ǹtì fún ẹgbẹ́ òṣèlú tipẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ejẹ́ǹtì la máa ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ilé, ó ní Ohio ló gbọ́n, ó ní káwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní "ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, Alhaja, ẹ ò lè bú wọn." Ó ní ẹ wo tiwa, òkú pọ̀ nínú rẹ́jísítà wa ju alààyè lọ. Ó bù mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ẹ̀, INEC fúnra wọn ti sọ pé àwọn ò ráyè yọ àwọn tó ti kú bó ṣe yẹ torí kò sẹ́ni tó ń lọ fi orúkọ òkú ẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, àwa sin òkú wa, a jẹ sàárà, ó parí. Àǹtí dá a lóhùn pé "Bọ̀ọ̀dá, èmi ò kú, mi ò sì kó lọ, ìyá mi ni mo ń tọ́jú. Ẹ̀yin náà rí mi níbí."

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má gé nǹkan kan nínú rẹ́jísítà o. Rẹ́jísítà tó kún fún òkú àti orúkọ ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe nǹkan tó dáa. Lórí èyí, mo máa gbà fún Bọ̀ọ̀dá Ejẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ni ẹ̀rí tẹ́ ẹ fi ń yọ èèyàn. Ṣé ẹ rántí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní 2022 ńbí? Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ parí jẹ́ 12,298,944, INEC yọ 2,780,756 nínú wọn, ìyẹn ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Èèyàn pariwo nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú ni wọ́n ní wọ́n gbé sí kọ̀ǹpútà pé kó fi wé ara wọn, ojú kan náà rèé pẹ̀lú orúkọ méjì, ọmọdé rèé tí wọ́n kọ ọdún àgbàlagbà fún. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n lẹ rẹ́jísítà síta láti 12 sí 25 Nòfẹ́ńbà 2022 kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn wá sọ ọ́. Èèyàn lè bá ìyẹn jiyàn dáadáa, kọ̀ǹpútà náà lè ṣì ojú mọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé wọ́n lẹ nǹkan kan síta. Ṣùgbọ́n ó kéré tán ìka ni wọ́n mú dání. Ti Ohio, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan dání, lẹ́tà kan lọ, kò bọ̀, wọ́n bá ní ó ti kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé òfin Ohio wá sí Èkó wò, torí Bọ̀ọ̀dá Ejẹ́ǹtì ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ìbò ààrẹ 2023, 7,060,195 ló wà nínú rẹ́jísítà Èkó. Àwọn tí BVAS yẹ̀wò lọ́jọ́ náà ò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí kò jáde, àwọn kan bẹ̀rù jàǹdùkú, àwọn kan ò rí káàdì wọn gbà, àwọn kan ti bínú, àwọn kan wà níbi iṣẹ́. Tí gbogbo wọn ò bá tún jáde nínú àwọn ìbò tó kù, ká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí wọn. Àdírẹ́sì wo? "Ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ béèrè Ìyá Ẹlẹ́kọ." Ẹni tó ń gbé Mushin lónìí á ti kó dé Ìjú tí ilé bá wọ́n sí i. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí wọ́n má kọ lẹ́tà, kí wọ́n máa fi tẹ́síìtì ránṣẹ́. Mo ní síìmù wo nínú mẹ́ta?

Ẹ̀rín lásán kọ́ ni o, torí àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gé kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà. Adájọ́ Sonia Sotomayor kọ ọ́ sínú tiẹ̀ pé nínú àwọn àdúgbò àárín ìlú Cincinnati tí aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ni wọ́n yọ láti 2012 torí pé wọn ò dìbò, nígbà tó jẹ́ pé àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀, ìdá mẹ́rin péré ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì, ẹni tí lándílọ́ọ̀dù ń lé kiri, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn wọ̀nyẹn ni kì í rí àyè ka káàdì, àwọn náà ni kì í rí àyè dìbò ní gbogbo ọdún.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé 2019 tí wọ́n yọ Àǹtí gan-an, Ohio kọ́kọ́ gbé lísìtì àwọn tí wọ́n fẹ́ yọ síta, bí 235,000 orúkọ, pé káwọn ẹgbẹ́ aráàlú bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan dáadáa nìyẹn, mo máa yìn wọ́n fún un. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn wá rí i pé bí 40,000 nínú ẹ̀ ni kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Jen Miller, olórí League of Women Voters ní Ohio, bá orúkọ ara ẹ̀ nínú lísìtì náà, bẹ́ẹ̀ ó ti dìbò lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n yọ àwọn wọ̀nyẹn kúrò nínú lísìtì. Ti Àǹtí ò sí nínú 40,000 yẹn. Lójú òfin, tiẹ̀ tọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè jà fún un torí kò sí àṣìṣe tí wọ́n fẹ́ tọ́ka sí.

Kí la wá ṣe? Àǹtí kọ́kọ́ ní òun á dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin, òun á tún orúkọ kọ bí ẹni tuntun. Kòrónà dé. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n ní kónílé ó gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Bàálù òkè òkun ò padà fò títí di ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà, nígbà tó sì fò, owó ẹ̀ gbójú lé ọ̀run, Àǹtí sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní òun ò ní torí ìbò lọ kó àìsàn nínú bàálù.

Mo wá rí i kà pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá wà lókè òkun lè dìbò láti ibi tó wà, àdírẹ́sì tó ti gbé kẹ́yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n á kà á mọ́, kódà kó má nílé níbẹ̀ mọ́. Láti 1986 ni òfin náà ti wà! Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni, Federal Post Card Application, FPCA ni wọ́n ń gé e kúrú sí, ó máa forúkọ rẹ sílẹ̀, ó tún máa bá ẹ béèrè ìwé ìbò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní Àǹtí ti kọ ọ́ ní 2014 tàbí 2016, tó dìbò láti Campos, orúkọ ẹ̀ ò bá má kúrò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wọ ọkọ̀ kọjá lẹ́bàá kọ́ńsílétì wọn ní Victoria Island tó bá ń lọ ra oògùn Màmá, kò mọ̀ pé ó kàn án.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí wọ́n ti ní kó o mú ọ̀kan: ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mí, òkè òkun ni mo wà, mo sì ní i lọ́kàn láti padà, tàbí òkè òkun ni mo wà, mi ò tíì mọ̀ bóyá màá padà. Àǹtí wò ó títí. Ó ní ṣé ẹ rí i, àwọn kan wà nínú ìjọba yìí kan náà tó mọ̀ pé èèyàn lè wà níbòmíràn kó má tíì kó lọ. Ó mú èyí àkọ́kọ́.

A fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù keje. Wọ́n fèsì lórí ímeèlì pé wọ́n ti gba orúkọ ẹ̀ wọlé. Òfin wọn ní kí ìwé ìbò jáde ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú ìbò, torí náà ó wọlé sórí ímeèlì ní nǹkan bí ogúnjọ́ Sẹ̀tẹ́ńbà. Ìdààmú tó kù ni pé Ohio máa ń fi ìwé ìbò ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á padà lórí ímeèlì, ìwé gidi ni wọ́n fẹ́. Ká tẹ̀ ẹ́ jáde, kó kọ ọ́, kó fi sínú àpòòwé méjì bí wọ́n ṣe júwe ẹ̀, kó buwọ́ lù ú níta. Àyè wà láti jù ú sílẹ̀ ní kọ́ńsílétì kí wọ́n bá a fi sínú báàgì tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àsìkò Kòrónà ni, ẹ̀rù bà á pé ó lè pẹ́ lọ́nà, ló bá gbé owó kalẹ̀ fún kúríà, owó tó tó ra àpò ìrẹsì kan. Màmá mi ní ìbò kan ṣoṣo nìyẹn o, Àǹtí ní ẹ fi mí sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Òkìtóbà ló jáde kúrò l'Ékòó. Ogúnjọ́ oṣù yẹn ni wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé torí EndSARS, ọjọ́ kejì kọ́ọ̀tù Igbóṣeré tí kò jìnnà sí wa jóná, kò sí kúríà tó ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ń jáde. Ká ní a fi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yẹn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀. Sáìtì ìdìbò wọn fi hàn pé ìwé ìbò ẹ̀ ti dé, pé wọ́n ti gbà á. Bọ̀ọ̀dá Ejẹ́ǹtì ní kó sọ fún òun ẹni tó dìbò fún, Àǹtí ní ìyẹn ò kàn án.

Ó padà sí Ohio ní 2021, ó lọ tún àdírẹ́sì ẹ̀ ṣe, àtìgbà náà kò sí ìbò tó fo, tó fi mọ́ ti àwọn tó ń du ipò ìgbìmọ̀ ilé ìwé tí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọdún méjì kà sí òun lọ́rùn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bá yín gbé ńbí, yálà ó ń tọ́jú òbí ni o, ó ń kọ́lé ni o, tàbí ó kàn fẹ́ sinmi, ẹ sọ fún un kó wá FPCA, kó máa kọ òmíràn ní Jánúárì ọdọọdún torí ti ọdún kan lè má ṣiṣẹ́ fún ọdún kejì, kó sì máa yẹ orúkọ ẹ̀ wò lórí sáìtì ìpínlẹ̀ ẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un kọ. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àwọn kan máa ń gba ìwé ìbò padà lórí ímeèlì, àwọn kan ò ní gbà. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn o. Ejẹ́ǹtì kankan ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.